Òmìnira Ẹnì Kan àti Agbára Àwùjọ: Èrò Awólọ́wọ̀ àti Ṣólàrín ti Ìkẹ́nnẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé John Stuart Mill

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì léèrè pé kí ni òmìnira, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tí ó bá ka Bíbélì Yorùbá dáadáa yóò rántí pé níbi tí àwọn olùtumọ̀ ti dárúkọ ẹrú àti ẹni tí kì í ṣe ẹrú pọ̀, òmìnira ni wọ́n pe ẹnì kejì. Ènìyàn ni òmìnira nínú ìlò yìí: ẹni tí ó ni ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi dúró fún gbèsè, tí kò sì sí ẹni tí ó lè tà á. Nígbà tí ìjà òṣèlú dé ni a wá gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ènìyàn, tí a gbé e lé orílẹ̀-èdè lórí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ti ń kọ́ ọmọ bí ẹni pé bí ìlú bá ti gba òmìnira, gbogbo ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ti di òmìnira náà nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa ìtumọ̀ àkọ́kọ́ yẹn nínú ìtàn ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá, síbẹ̀ ibẹ̀ ni a ti bí ọkùnrin méjì tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn ronú lórí ohun tí ẹnì kan jẹ àwùjọ àti ohun tí àwùjọ jẹ ẹnì kan: Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (1909–1987) àti Dókítà Táí Ṣólàrín (1922–1994). A ó gbé èrò àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti John Stuart Mill, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé tí a mọ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ pé Mill ni ó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n mọ̀. Òṣùwọ̀n lásán ni a fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe, a ó sì rí i pé òṣùwọ̀n náà ní àléébù tirẹ̀.

Ohun tí Mill sọ

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Mill ní ọdún 1806. Láti 1823 títí di 1858 ni ó fi ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní East India Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò tí ó di alákòóso ilẹ̀ Íńdíà. Ní 1859 ni ó tẹ ìwé rẹ̀, On Liberty, jáde, ó sì fi í rántí Harriet Taylor, ìyàwó rẹ̀, tí ó kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìwé náà dojú kọ: níbo ni agbára àwùjọ lórí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti dópin?

Ìdáhùn Mill ni pé àwùjọ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ipá mú àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, àfi kí ó má baà pa ẹlòmíràn lára. A lè gbà á níyànjú, a lè bẹ̀ ẹ́, a lè bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n pé ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe yóò ṣe é ní ire kò tó ìdí láti fi pàṣán lé e. Mill tún sọ ohun kan tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ní ìlú kékeré rí. Ó ní kì í ṣe ọba àti ọlọ́pàá nìkan ni ó ń gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹnu ará àdúgbò, ojú tí a fi ń wo ẹni tí ó yàtọ̀, àṣà tí kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ mọ́, gbogbo ìwọ̀nyí lè de ènìyàn mọ́lẹ̀ ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé àjèjì ni èrò báyìí sí Yorùbá, pé àwùjọ ni gbogbo nǹkan lọ́dọ̀ wa, pé ẹnì kan kò jẹ́ nǹkan kan. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra ti sọ ìdajì ohun tí Mill fi odidi ìwé sọ. Ẹni tí ó bá sì gbà pé olúkúlùkù ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan orí kò lè sọ pé ènìyàn kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní òwe kejì tí ó dojú ìjà kọ ti àkọ́kọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Mill yóò bèèrè pé ta ni ó ń jẹ kòkòrò náà, ara ta ni ó sì ń wọ̀. Yorùbá ti dá a lóhùn pé ògiri ilé wa kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju ti ibi tí ìpalára ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Kí olùkọ́ sì kíyè sí i pé sísọ ni òwe náà ní kí a sọ fún ará ilé ẹni. Kò ní kí a já kòkòrò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àléébù tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan nìyí. Mill yọ àwọn kan kúrò nínú òfin rẹ̀. Ó yọ àwọn ọmọdé, èyí tí kò sí ẹni tí yóò bá a jà sí. Ṣùgbọ́n ó tún yọ odidi àwọn ènìyàn tí ó kà sí ẹni tí ojú wọn kò tíì là. Ó ní ìjọba olóyè kan ṣoṣo tí kò gba àròyé tọ́ sí irú wọn, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé ìlọsíwájú wọn ni ó ń wá. Akọ̀wé East India Company ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Nínú ìṣirò rẹ̀, ará Rẹ́mọ kò sí lára àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, ní 1861, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó.

Wàyí o, ní 1872, nígbà tí Mill ṣì wà láàyè, ìlú 13 ní ilẹ̀ Rẹ́mọ kó ara wọn jọ sí ojú kan nítorí àìfararọ ogun, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Ṣágámù. Òfin wà níbẹ̀, Mákùn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Sóńyìndó, Ìjàgbà, Èpè àti àwọn yòókù. Ìlú kọ̀ọ̀kan kò sọ orúkọ rẹ̀ nù, wọn kò sì gbàgbé oyè wọn. Títí di òní, Èwùsì wà ní Mákùn bí Àkàrígbò ti wà ní Òfin. Àwọn tí Mill kò kà sí ẹni tí ó lè ṣe ìjọba ara rẹ̀ ti jókòó, wọ́n ti fẹnu kò lórí bí a ti ń gbé pọ̀ láì gbé ara ẹni mì.

Awólọ́wọ̀ àti ẹni tí ó ń fẹ́ ire fún wa

Ọmọ àgbẹ̀ tí ó tún ń la pákó ni Awólọ́wọ̀. Ní 1920 ni bàbá rẹ̀ kú, ọmọ náà sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rán ara rẹ̀ níwèé. A kò ní tún ìtàn yẹn sọ níbí, nítorí kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó kàn wá ni èrò rẹ̀, àti bí èrò náà ṣe yí padà.

Ní 1947, ọdún kan lẹ́yìn tí ó di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tẹ Path to Nigerian Freedom jáde. Ó kọ ọ́ nínú ìwé náà pé àwọn mẹ̀kúnnù kò tíì ní òye òṣèlú, àti pé àwọn díẹ̀ tí ó kàwé ni ó yẹ kí wọ́n jẹ́ aṣáájú. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: èyí kò jìnnà sí àléébù Mill. Ẹni tí Mill lé jáde ní ẹnu ọ̀nà náà ti wọlé, òun náà sì ń wo àwọn ará ilé rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì tó wọlé. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni ó ti sọ pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ lè ṣètò ilé ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jọba lé ẹlòmíràn lórí.

Níbí yìí ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè tẹ́tí sí. Nínú ìwé mìíràn tí ó jáde ní 1861, Mill sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe kí ìjọba àwọn ẹni òmìnira fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé àwọn ènìyàn tí kì í ka ìwé kan náà kò lè jọ ní èrò kan tí wọn yóò fi ṣọ́ ìjọba wọn. Ní ẹ̀wọ̀n Kàlàbá, ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn náà, Awólọ́wọ̀ kọ Thoughts on Nigerian Constitution, tí a tẹ̀ ní 1966. Ó ní orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ bá pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àjùmọ̀ṣe, kí a sì fi èdè pààlà àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Mill rí bí ìdènà ni Awólọ́wọ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó dàgbà sí àgbègbè Ṣágámù kò níláti lọ jìnnà kí ó tó rí àpẹẹrẹ irú ìjọba bẹ́ẹ̀.

Èwu kan wà nínú rẹ̀ ṣá. Bí èdè bá di ilé tí a fi pa ẹnì kan mọ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ta ni yóò pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ilé náà? Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti fi ìwà dáhùn kí ó tó fi ìwé dáhùn. Ní 1941, nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà fẹ́ fa ẹnì kan kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ẹni méjì ni ó jáde: Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, àti Ernest Ikoli, ọmọ Ìjọ́. Ikoli ni Awólọ́wọ̀ tì lẹ́yìn. Ìjà náà fọ́ ẹgbẹ́ ọ̀hún, Nnamdi Azikiwe àti Akínsànyà sì jáde kúrò nínú rẹ̀. A lè jiyàn lórí ọgbọ́n òṣèlú tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ yìí kò gbà pé ìlú tí a ti bí ènìyàn ni yóò máa yan ìbò fún un. Ní ọdún yẹn kan náà ni Akínsànyà jọba ní Ìsarà, tí ó di Ọdẹmọ. Yóò tún padà wọ inú ìtàn yìí.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tí Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1950, tí wọ́n sì fi han gbogbo ayé ní Ọ̀wọ̀ ní 1951, kọ òmìnira fún ẹni gbogbo sára àsíá rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá tí a fún un ni ó gba àròjinlẹ̀: Afẹ́nifẹ́re. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń tú u fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó fẹ́ ẹni, tí ó sì fẹ́ ire fún ẹni. Bí a bá gbé e fún Mill, ẹnu ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìbẹ̀rù rẹ̀ wà. Kò bẹ̀rù ọ̀tá tó bí ó ti bẹ̀rù ẹni tí ó ń fẹ́ ire fún wa, tí ó sì ní agbára lọ́wọ́.

Owó orí àti ilé ẹ̀kọ́

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ibi tí èyí ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ní 1952 ni S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ìlànà náà kalẹ̀ níwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Owó níláti ti ibì kan wá, ìjọba sì bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn ènìyàn, ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ń san owó orí. Àgbẹ̀ tí kò rí owó náà, tí ọmọ tirẹ̀ tilẹ̀ wà lóko níbi tí ó ti ń ràn án lọ́wọ́, bèèrè pé ta ni ó bẹ̀ wọ́n. Ní ìdìbò àpapọ̀ ti ọdún 1954, wọ́n fi ìbò dáhùn. Ẹgbẹ́ NCNC ni ó mú ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, 23 nínú 42, owó náà sì wà lára ohun tí ó ti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣubú.

Síbẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé ẹ̀kọ́ ṣí. Ní 1954, ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Àwọn kan tí ó fi ìbò lé ẹgbẹ́ náà ní 1954 ni ó mú ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò, ní 1956 ẹgbẹ́ náà sì tún borí ní ìdìbò ti ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn.

Ṣé Awólọ́wọ̀ rú òfin Mill? Ẹni tí ó bá ka orí kan péré nínú On Liberty lè rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá ìgbẹ̀yìn ìwé náà, Mill sọ pé ẹni tí ó bímọ tí kò sì kọ́ ọ ti ṣẹ ọmọ náà, ó ti ṣẹ àwùjọ pẹ̀lú, àti pé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti fi dandan lé e pé kí a kọ́ gbogbo ọmọ, kí ó sì ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ohun tí ó kọ̀ ni kí ìjọba gba gbogbo ẹ̀kọ́ sí ìkáwọ́ ara rẹ̀ kí ó sì máa mọ gbogbo ọmọ bí ẹni mọ búlọ́ọ̀kù. Nítorí náà, lórí ọ̀rọ̀ yìí Awólọ́wọ̀ àti Mill súnmọ́ ara wọn ju bí a ti rò lọ. Ibi tí wọ́n ti yà ni ìdí. Fún Mill, kò yẹ kí òbí fi àìkọ́mọ ṣe ìpalára. Fún Awólọ́wọ̀, ẹni tí kò mọ̀wé, tí ebi ń pa, tí àìsàn ń bá jà, kò tíì di òmìnira rárá, bí ó ti wù kí òfin fi í sílẹ̀ tó. Ìjọba tí ó jókòó tí ó ní òun kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbèkùn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó tún gbé jinlẹ̀ nínú The People's Republic ní 1968, níbi tí ó ti ní ọpọlọ tí a kò tú sílẹ̀ ni olórí gbogbo ìdè.

A gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe láìní àríyànjiyàn. Ìjọba tí ó lè gba ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ lọ́wọ́ mi fún ire mi lè gba nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn rògbòdìyàn òṣèlú tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1954, ìjọba Awólọ́wọ̀ ni ó lé Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì kúrò ní ìlú rẹ̀. Ọba náà kò sì padà sórí ìtẹ́. Irin iṣẹ́ tí a fi na ọba Ọ̀yọ́ kò sọnù. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ti ọdún 1962, tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn, Ọdẹmọ Ìsarà, Akínsànyà tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, kọ̀ láti kẹ̀yìn sí Awólọ́wọ̀. Ìjọba gé owó oṣù ọba náà títí ó fi ku kọ́bọ̀ kan lọ́dún. Kò yí padà. Ọkùnrin tí Awólọ́wọ̀ kò dìbò fún ní 1941 ni ó jẹ irú ìyà yìí nítorí Awólọ́wọ̀, èyí sì fi hàn wá pé òmìnira ọkàn kì í ṣe ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù.

Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ̀ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún un lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Ní oṣù kẹjọ 1966 ni Gowon dá a sílẹ̀.

Ṣólàrín àti ẹni tí ó kọ̀

Táíwò ni Ṣólàrín, ìbejì ni. Wesley College ní Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ lọ bí Awólọ́wọ̀. Ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà ogun Hitler, ó sì kàwé ní Manchester àti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1952 ó di ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò. Ó kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ̀sìn máa darí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín òun àti àwọn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, sì dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956.

Ẹ wo orúkọ tí ó yàn. Mayflower ni ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, nítorí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti sin Ọlọ́run wọn bí ó ti wù wọ́n. Ṣólàrín mú orúkọ ọkọ̀ àwọn tí ń wá àyè láti gbàdúrà, ó fi sọ ilé ẹ̀kọ́ tí a kì í ti í gbàdúrà. Ẹni tí kò bá mọ Ṣólàrín yóò rò pé ó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ kan náà ni: ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ní àsìkò tí ó jẹ́ pé ìjọ ni ó ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe ń yí orúkọ padà kí wọ́n tó rí ìwé kà, ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Nípa èyí, Ṣólàrín súnmọ́ Mill ju Awólọ́wọ̀ lọ. Awólọ́wọ̀ bèèrè ohun tí ènìyàn níláti ní kí ó tó lè jẹ́ òmìnira. Ṣólàrín bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá mú un ṣe. Ṣòkòtò péńpé rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jẹ́ ìdáhùn sí ẹnu ará àdúgbò tí Mill kọ̀wé nípa rẹ̀. Ohun tí ó kọ sínú ìwé ìròyìn kò sì mọ ojú ìjọba. Ní 1974, nígbà tí Gowon kéde pé àwọn ológun kò ní lè gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1976 mọ́, Ṣólàrín kọ ìwé ìléwọ́ láti fi ta kò ó, wọ́n sì mú un. Lábẹ́ ìjọba Buhari, láti 1984 wọ 1985, ó lo oṣù 17 ní àtìmọ́lé láìsí ìgbẹ́jọ́. Ó ti lé ní ẹni ọdún 60 nígbà náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ́ di òrìṣà tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà. Nínú ọgbà Mayflower, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní òmìnira láti má roko. Wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń kọ́lé. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ ọwọ́ kò tọ́ sí ọmọ òun, kí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Mill yóò ní ọmọdé ni wọ́n, wọn kò sí lábẹ́ òfin òun. Yorùbá yóò ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ń tọ́mọ. Ṣùgbọ́n ó dájú pé ọkùnrin yìí náà ní ire kan tí ó ń fẹ́ fún ẹni, tí kò sì dúró kí ẹni náà kọ́kọ́ gbà.

Òru Ṣágámù

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ni gbogbo èyí, kí ó rántí oṣù keje ọdún 1999. Ní òru tí Orò jáde ní Ṣágámù, wọ́n pa obìnrin Hausa kan tí wọ́n ní ó jáde síta ní àsìkò tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí Orò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá àti àwọn Hausa, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bọ́, ilé jóná, àwọn kan sì gbẹ̀san lára Yorùbá ní Kánò.

Àwọn tí ń gbèjà Orò ní àṣà ìlú ni, pé ẹni tí ó bá wọ ìlú gbọ́dọ̀ pa èèwọ̀ ìlú mọ́. A mọ̀ pé Orò ní iṣẹ́ rẹ̀ nínú ètò ìlú látijọ́, kì í sì í ṣe àwa olùkọ́ àṣà ni a ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a lè gbé ọ̀rọ̀ náà gbà tí ikú obìnrin yẹn yóò fi bá òmìnira mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọdún ní àyè láti ṣe é. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò. Ohun tí ó ti ẹlòmíràn mọ́lé ní tipátipá, tí ó sì fi ikú san ìjáde rẹ̀, ti kúrò nínú ọdún ṣíṣe. Bí a bá sì fẹ́ tún òwe kòkòrò búburú pa, kí a rántí ibi tí ó dúró sí: sísọ ni.

Ohun tí ó kan yàrá ìdánwò

Ohun kan kù tí ó kan àwa tí ń yẹ ìwé wò. Mill kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ dandan sílẹ̀ láìsí ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é. Ìdánwò ni ó dábàá: kí ìjọba máa dán gbogbo ọmọ wò lọ́dọọdún láti ìgbà tí wọ́n bá ti tó í kàwé, kí bàbá tí ọmọ rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n kà san owó ìtanràn bí kò bá ní àwíjàre. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí ó ń ṣe ìdánwò ní agbára lórí èrò àwọn ọmọ, nítorí náà ó fi ààlà sí i. Lórí ẹ̀sìn, òṣèlú àti gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń jà sí, ó ní kí ìbéèrè má ṣe kọjá ohun tí a mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀: pé àwọn kan gba báyìí gbọ́, pé ìdí tí wọ́n fi gbà á nìyí. Kí a má ṣe bi ọmọ bóyá òtítọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ìbéèrè tí a ń kọ lórí àṣà. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìdí tí Orò fi ṣe pàtàkì fún ìlú, a ti pinnu fún un pé ó ṣe pàtàkì. Ọmọ tí ó bá kọ̀ yóò pàdánù máàkì, kì í ṣe nítorí àìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a bá ní kí ó sọ àǹfààní òmìnira fún Nàìjíríà, tí ọmọ kan láti Ìsarà wá kọ nípa ọba tí ìjọba ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ ń san kọ́bọ̀ kan lọ́dún fún, olùyẹ̀wò tí ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé ìdáhùn rẹ̀ yóò fa igi pupa sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé kí ni àwọn olórò sọ pé Orò ń ṣe fún ìlú, kí sì ni àwọn tí ó ta kò ó sọ, ẹni tí ó gbà á gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á lè jọ dáhùn, kí àwa náà sì lè fún àwọn méjèèjì ní máàkì tí ó tọ́ sí wọn.